Jọ́ọ̀jì Tí Ẹ Ń Gbààwẹ̀ Fún

Lọ́ńdọ̀nù, 1964

Màámi,

Ẹ kú àdúrà, ẹ sì kú gàrí yíyan. Ara mi le koko. Bí Ọmọ́ṣọlá tó ń ka ìwé yìí fún yín bá ní ó jọ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òtútù ni.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lálúpọn ń gbààwẹ̀ fún Jọ́ọ̀jì, torí mo kọ̀wé pé òun ló ń bá wa wa bàálù. Màámi, Jọ́ọ̀jì kì í ṣe èèyàn o! Ẹ̀rọ tó ń dá bàálù wà fúnra rẹ̀ ni. Bí àwọn awakọ̀ ibí ṣe ń pè é nìyẹn. Bí a bá ti gòkè tán, a ó tan án, a ó káwọ́ gbera, a ó máa mu tíì. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í kúrò nínú agbada gàrí, ẹ ó ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn.

Lánàá, nínú ìkùukùu, Jọ́ọ̀jì ṣíwọ́ láìdágbére. Ọ̀gá mi wò mí, èmi náà wò wọ́n. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ àwa méjèèjì ti dá bàálù wà nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ dorí kodò díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, ẹ má jáyà. Mo ṣáà ń pe Jésù títí ọwọ́ mi fi rántí iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo èrò ló fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní kí wọ́n má ṣe dá ààwẹ̀ Jọ́ọ̀jì dúró. Ọwọ́ mi ni kí wọ́n máa gbà á fún.

Gbọ́njúbọ́lá yín