Ohun Tí Sọ̀fíyàt Jogún Lọ́dọ̀ Mi

Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Basit,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. A ti pààrọ̀ páànù tó ń jò.

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Sọ̀fíyàt ọmọ mi ti jáde. Kò ní jẹjẹrẹ, àmọ́ ohun tó lè fa jẹjẹrẹ ọmú tó pa ìyá wa wà lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún ẹ̀. Ìyàwó mi ń sunkún nídìí ààrò, ó ní èéfín ni. Èmi, bí mo bá jókòó níta tí ọyẹ́ bo Mápó, ó ń ṣe mí bíi pé ìyá wa ń bọ̀ nínú kùrukùru.

Mo bẹ ọmọ náà pé kó foríjì mí. Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Àwọn dókítà á máa ṣọ́ mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò yín. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbó ju ìyá wa lọ.

Àbúrò yín,
Fàsásì