Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Kì í Gbéra

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò. Ṣé ìyàwó yín àtàwọn ọmọ wà dáadáa? Orúnkún Bàbá ti ń gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu. Bàbá fúnra wọn ni kò gbọ́.

Mo ti ríṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń ṣèwádìí bí àwọn tó ń lọ sí òṣùpá ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, àti bí ọ̀gá ṣe ń darí wọn níbi tó há. Ó kó èmi àtàwọn mélòó kan sí yàrá onírin kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, ká máa ṣe bí ẹni pé inú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí òṣùpá la wà. A ò tíì gbéra, ọ̀gá wa àti igbákejì rẹ̀ ti ń bára wọn du àga.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi rèé. Mo sọ fún Màámi pé inú ọkọ̀ òfuurufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rò pé bàálù tó ń lọ sí ìlú òyìnbó lọ́dọ̀ yín ni. Wọ́n ti di súwẹ́tà yín sí báàgì: "Tó o bá débẹ̀, rí i pé ẹ̀gbọ́n ẹ wọ̀ ọ́ níṣojú ẹ." Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé, "Ọkọ̀ yẹn ò tíì lọ ni?" Mi ò lè là á yé wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ tiyín ló ń fò. Ẹ wọ̀ ọ́ wálé, kí ẹ wá wọ súwẹ́tà náà níṣojú wọn, bí ooru tilẹ̀ ń mú. Ọlọ́run á mú yín balẹ̀ láyọ̀.

Àbúrò yín, èrò òṣùpá tí kò kúrò ládùúgbò.