Sípíkà Tí A Fi Ń Gbọ́ Ohùn Rẹ

Adákẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni ara, báwo ni ẹ̀kọ́, báwo ni òtútù ọ̀hún? Ṣé àwọn olùkọ́ rẹ wà láàyè, gbogbo wọn? Ọlọ́run tó mú ọ wọ ìlú ńlá yẹn kò ní jẹ́ kí ó gbé ọ mì. Àwa níhìn-ín wà ní àlàáfíà, àfi orúnkún ìyá rẹ, àti ògiri pálọ̀ tó sán díẹ̀, èyí tí màá ṣàlàyé tí mo bá dé ibẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí o ń sọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi ló ń dé. Nígbà tí àkọ́kọ́ dé, tí o kí wa pé a kú àárọ̀, gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá rẹ tilẹ̀ bi ọ́ bóyá o ti jẹun, ṣùgbọ́n o kàn ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ ni. Inú bí mi, mo ní ìlú ńlá ti sọ ọmọ yìí di aláìgbọràn, àfìgbà tí onírédíò, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lójúde wa, ṣàlàyé pé o ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán kó tó gbéra. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n a ṣì ń dá ọ lóhùn, torí kí ọmọ kí ni kí á panu mọ́, kò bójú mu.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohùn rẹ kéré. Láti kékeré lo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ ọ̀rọ̀ kó má jáde, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè ọ́ ní Adákẹ́. Mo gbé fóònù sínú abọ́ irin, ohùn rẹ pọ̀ sí i. Mo gbé e sínú garawa, ó tún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó wá dà bíi pé inú kànga lo ti ń kàwé, ìyá rẹ sì bú sẹ́kún. Ni mo bá ra sípíkà kékeré kan lọ́wọ́ onírédíò. Ọmọ mi, ayé dùn! Gbogbo ojúlé ló wá gbọ́ bí o ṣe mọ ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú kíláàsì, tí o ò sì nawọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ mi kò fẹ́ dójú ti olùkọ́ ni.

Ìwé kan bá sípíkà náà wá, wọ́n ní kí á kọ orúkọ ẹni tó ni ín, kí á fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Orúkọ rẹ ni mo kọ, torí ohùn rẹ ló wà nínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní bóyá a ní ẹ̀sùn, mo ní kò sí, àfi kí wọ́n bá mi rọ ọmọ náà kó máa sọ̀rọ̀ sókè. Wọn ò tíì fèsì.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Ṣùgbọ́n onírédíò ní etí méjì lènìyàn ní, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára, torí òótọ́ ni. Mo tún gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo kan àpótí wọn, wọ́n ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n dán bíi dígí. Kò sí kafíńtà kejì tó lè kan irú rẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí òòlù já lé mi lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí mo tan wọ́n ni mo gbọ́ igbe àga tí o jókòó lé ní yàrá rẹ lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì. Mo sọ fún gbogbo ilé pé ìṣó lásán ni wọ́n fi kan àga yẹn, wọn ò fi gọ́ọ̀mù sí i.

Onírédíò tún ní ó ku bẹ́ẹ̀sì, sípíkà tó ń gbé ohùn tó rinlẹ̀ jáde, pé òun ni ìpìlẹ̀ ohùn. Ta ni yóò kọ́lé láìní ìpìlẹ̀? Mo kan àpótí bẹ́ẹ̀sì tó tóbi tó ibùsùn ọmọdé. Bí a ti tan án, ògiri sán, àwọn adìẹ fọ́n ká, ohùn rẹ sì jáde bíi ti bàbá arúgbó kan. Ìyá rẹ yọ láti ilé ìdáná, ó ní ta ni arúgbó aláìnítìjú tó ń pe òun ní Màámi. Onírédíò ní àpótí ló kéré, pé ó ń fẹ́ pákó tó nípọn, tó ti gbẹ dáadáa. Ojú mi bá lọ sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ.

Nígbà tí mo kó irinṣẹ́ mi débẹ̀, ìyá rẹ ti gbé ìjókòó síwájú ilẹ̀kùn náà, ó ń rán bọ́tìnnì. Ó ní òun ni kí n kọ́kọ́ tú. Ó ní ṣé torí kí n lè gbọ́ ọmọ dáadáa ni n ó ṣe tú ilẹ̀kùn ọmọ. Tí ọmọ bá dé, ṣé inú sípíkà ni yóò wọ̀ sí? Mo kó irinṣẹ́ mi padà sínú àpò.

Ó ní kí n yọ bẹ́ẹ̀sì, kí n rẹ ohùn àwọn méjì yòókù sílẹ̀, kí n sì jókòó. A gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ márààrún láti ìbẹ̀rẹ̀. O ní ara rẹ le, o ní o ti ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Bí o ti sọ ìyẹn tán, o mí kanlẹ̀. Àga ké. Lẹ́yìn rẹ̀, omi ẹ̀rọ ń kán, tó, tó, tó. Nínú márààrún, kò sí ẹlòmíràn tó wúkọ́, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Ìyá rẹ ní kí n pa á, ó ti tó, ohun tí a torí rẹ̀ ń ra sípíkà kiri la ti gbọ́ yẹn.

Adákẹ́, má tijú. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, odidi oṣù mẹ́ta ni mi ò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àfi pákó. Ẹni tó dá nìkan wà tí kò sì fi ìwé sílẹ̀, akọni ni, orí mi sì ń wú pé èmi ni mo bí i. Mo ti sọ fún onírédíò pé kó má wá mọ́. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tí kò mọ ìgbà tí pákó ti dán, tó ṣì ń fá a lọ, èérún igi ni yóò gbé lọ fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún un.

Mo ti tú àpótí bẹ́ẹ̀sì, mo fi pákó rẹ̀ kan àga méjì, gọ́ọ̀mù gidi ló wà lára wọn. Awakọ̀ tó ń kó pákó lọ sọ́dọ̀ yín yóò gbé wọn dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀kan ni tìrẹ. Má jókòó lórí èkejì, má sì kó ìwé lé e. Lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ, sọ fún un pé bàbá rẹ kafíńtà ló ní kó wá bá òun jókòó sí i wò, kí òun lè mọ̀ bóyá ó dúró re. Kì í ṣe ìwọ lo pè é, èmi ni. Ọ̀rọ̀ tó bá tún ń bọ̀, mo fẹ́ gbọ́ ikọ́ ẹni náà níbẹ̀.

Nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ọ nítorí ọpọlọ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún ìyá rẹ àti símẹ́ǹtì ògiri. Gba báńkì fi í ránṣẹ́, ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n kí mi lórí fóònù lọ́jọ́ ìbí mi, mo sì ti kí wọn padà, mo bi wọ́n léèrè àwọn ọmọ wọn. Má jẹ́ kí onírédíò mọ̀ pé owó dé.

Ẹni rere ni yóò máa rìn bá ọ. Ohùn rẹ yóò dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì dé. Ilẹ̀kùn rẹ ṣì wà ní àyè rẹ̀, mo ti fi òróró sí i, kò ké mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.