Ọjọ́ Olè Ojú Òkun ní Matupit

Matupit,
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá àgbà mi ọ̀wọ́n,

"Ọjọ́ tí òkè pa ọkọ mi lo fẹ́ fi ṣeré olè! Tóo bá ti àjẹ̀ bọ omi lọ́la, ToKiala, má pè mí ní ìyá àgbà ẹ mọ́!" Màmá àgbà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo yẹn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi tán. Mo ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lọ lórí mi. Ẹ má bínú pé mi ò tíì kí yín. Ṣé ara yín balẹ̀ níbi tí ẹ wà? Èmi ni ọmọ ọmọ yín tí kò bá yín láyé. IaKiau ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn Ẹlẹ́yin, torí èmi náà ń wa ẹyin ẹyẹ ìgbẹ́ nínú ilẹ̀ gbígbóná lẹ́sẹ̀ Tavurvur, òkè ayọnáyèéfín wa, bí ẹ ṣe ń wà á. Kíláàsì kẹjọ ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ẹ fojú fo àṣìṣe.

Tíṣà Kila, tó wá láti Mosbi, olú-ìlú, ló fa gbogbo ẹ̀. Àràárọ̀ ló ń ka orúkọ ọjọ́ nínú fóònù fáwọn ọmọ ilé-ìwé, à ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ọgbà: ọjọ́ ọwọ́ fífọ̀, ọjọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní ọ̀la làwọn èèyàn káàkiri ayé máa ń fi ẹ̀fẹ̀ sọ̀rọ̀ bí olè ojú òkun. Àwọn ọmọ ti ń fi èédú ya irùngbọ̀n. Bùrọ̀dá ToKiala fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi yín, èyí tí eérú òkè ò bò, kó méje nínú wọn lọ sẹ́sẹ̀ òkè, kí wọ́n lọ ri ìṣúra mọ́lẹ̀. Mo bi tíṣà bóyá ó mọ̀ pé irú ọjọ́ ọ̀la náà ni òkè bú lọ́jọ́sí. Ó wo fóònù, ó ní, "Òótọ́ ni o. Ó wà níbí, nísàlẹ̀ pátápátá." Mo ní, ọ̀túnla ńkọ́? Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ibẹ̀ kọ̀, kò ṣí. Àbí kò sí ọ̀túnla fún wa ni?

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyí. Láàárọ̀ yìí mo ki apá bọ ihò mi dé èjìká, ó jó mi, mo fà á yọ. Ẹyin kan ṣoṣo ni mo rí. Mo fọ́ ọ: ooru ilẹ̀ ti sè é jinná. Bàbá, Màmá àgbà máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tí òkè bú gan-an, tí wọn ò tíì sọ àsíá òmìnira kalẹ̀, ẹ gbé ẹyin jíjinná wálé, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ jẹ ẹ́. Nígbà tí gbogbo ìlú ń sá, ẹ padà torí ẹlẹ́dẹ̀ yín. Eérú wó òrùlé lù yín.

Mo fi ẹyin náà han Bùrọ̀dá. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹlẹ́yin, ìwọ ṣáà dúpẹ́, òkè ti bá wa ra kẹrosíìnì!" Ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Kò tiẹ̀ bu iyọ̀ sí i.

Màmá àgbà ti di ẹrù rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá sọ ti ẹyin fún un, àyà rẹ̀ ò ní gbà á. Bùrọ̀dá sì ń súfèé, ó ń fọ ọkọ̀.

Kí eérú tó bò yín fúyẹ́ lára yín. Kí òkè sùn. Kí ojú wa má rí ohun tí ojú yín rí.

Èmi ni ọmọ ọmọ yín tí ẹ ò rí,
IaKiau.

Àfikún: Ẹ rántí okùn tí ẹ fi di igi ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọkọ̀? Màmá àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láti ìgbà yẹn, ó ní ìka yín ṣì wà nínú kókó rẹ̀. Ọkọ̀ tí ò nígi ẹ̀gbẹ́ á dojú dé, kò lè gbé ọmọ kankan. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, màá gé okùn náà, màá ti igi náà sómi. Òkè lè má bú, kí n sì ti ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́ lásán. Bí Màmá àgbà bá ń sunkún pé ta ló ṣe irú eléyìí, màá jókòó tì í, màá bá a sunkún.