Èmi Ni Mo Fún Bàbá Mi Lóògùn Méjì, Ìyàwó Wọn Ni Mo Purọ́ Mọ́

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orúkọ mi jáde. Mo ti ba ayé obìnrin kan jẹ́... ìyàwó bàbá mi ni. Lẹ́yìn ikú màmá mi ni wọ́n fẹ́ ẹ, n ò sì fẹ́ràn ẹ̀ rí, kí n má parọ́. Ọ̀dọ̀ mi ní Ìgandò làwọn méjèèjì ń gbé. Tíṣà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, prostate ń dà wọ́n láàmú, ìtọ̀ kì í tètè jáde. Dókítà fún wọn lóògùn, ó ní ẹyọ kan ni o, tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Ìyàwó wọn ló ń fún wọn, kì í sì í yẹ̀ ẹ́. Èmi wá ń bínú pé oògùn ọ̀hún ò ṣiṣẹ́, àbí obìnrin yìí ń fi bàbá mi ṣeré ni? Láàárọ̀ Saturday kan tó lọ sọ́jà, mo fún wọn ní méjì. Kò pẹ́, wọ́n dìde láti lọ tọ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú gbìì, egungun ìtàn wọn sì kán.

Ní hospital, dókítà ka oògùn tó kù nínú páálí. Ó ní oògùn yẹn máa ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, pé tí ọ̀dọ́ bá dìde, iṣan ẹ̀ á tètè fún kí ẹ̀jẹ̀ lè dé orí, ṣùgbọ́n iṣan àgbàlagbà ti le, kì í tètè dáhùn mọ́. Ó ní ta ló fún wọn ní méjì? Mo ní ìyàwó wọn ni, kó tó jáde. Obìnrin yẹn sunkún, ó búra, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi lé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin.

Mo rò pé bàbá mi ò rántí ṣá. Ní Monday, mo gbé oògùn lọ bá wọn ní hospital, wọ́n yíjú sí ògiri. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ ni mo ti gbà á lọ́jọ́ yẹn. Lọ mú ìyàwó mi wá, kí o sì fẹnu ara ẹ sọ ọ́." Láti ọjọ́ náà, wọn ò lo oògùn kankan mọ́. Mo lọ sí Ìṣẹ̀rí lánàá, obìnrin yẹn ò tiẹ̀ ṣí gate. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́ lójú àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wò ó, inú ẹ̀ ṣì ń bí mi! Èmi ọmọ bàbá mi, òun ni wọ́n ń pè!

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní Sunday. Tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní fojú ọmọ ìyá wò mí mọ́. Tí n ò bá sọ ọ́, bàbá mi ò ní lo oògùn... Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nípò mi, báwo lẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí?