Ewé Tí A Pín Dọ́gba

Abúlé Ìdí-Osè,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ajé, oṣù Kẹfà, ọdún 2014.

Mofìyìnfólúwa ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn mi ò gbàgbé,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé oúnjẹ ń wọ̀ ọ́ lára? Ṣé iná ń wà ní Lugbe yín ní Àbújá, àbí ẹ ṣì ń fi páálí fẹ́ra yín? Èmi ìyá rẹ wà láàyè, ara mi sì le, àfi orúnkún ọ̀tún tí kò yéé ráhùn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ fún ọmọ. Ọlọ́run tó mú ọ gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja kọjá láìfarapa nígbà tí o ń padà lọ, òun ni yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ. Ojú ò ní tì ọ́ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Àmín.

Òjò ń rọ̀ dáadáa níbí, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé sì ti yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú tí o máa ń pè ní Màdáàmù ti bímọ, akọ ni ọmọ rẹ̀, ó ti jẹ lára ìwé orin mi, láti ibi orin ìkórè títí dé ibi orin ìsìnkú, tí ẹnikẹ́ni bá kú báyìí, orí ni n ó fi máa kọ ọ́.

Ohun tó mú mi mú bírò ni ẹkún tí o sun sí mi létí ní Ọjọ́rú. Orí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dúró sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń wá jókòó sí. O ní iṣẹ́ ìwádìí tí o fẹ́ fi gba oyè dókítà ti fẹ́ bàjẹ́, o ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínlabí tó ń tọ́ ọ sọ́nà wo èsì tí o kó láti abúlé wa, wọ́n ní ó jọ pé ewé rẹ ò ní agbára kankan, nítorí orúnkún àwọn tó lo ewé àti ti àwọn tí kò lò ó rí bákan náà. O ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ọdún tí o fi ń fọ ìgò, tí o fi ń dúró láti òwúrọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wú, òfò ni. Mo fẹ́ fèsì, ni obìnrin inú fóònù bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu pé owó mi ti tán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan péré fún ọmọ mi, mo tilẹ̀ pè é ní ìyàwó wa, kò dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, kí Ismaheel tó ń kó iṣu lọ sí ọjà Dei-Dei lọ́dọ̀ yín bá mi mú un wá.

Nu ojú rẹ, ọmọ mi. Ewé rẹ lágbára. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun ayọ̀ sì ni.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o kó àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn jọ sábẹ́ igi osè, tí o ní kí wọ́n tẹ ìka sí ìwé? Bàbá Adébíyì béèrè bóyá ilẹ̀ àwọn lo fẹ́ gbà, o ní rárá, orúnkún àwọn nìkan ni. O ní èmi ò lè sí nínú wọn nítorí pé ìyá rẹ ni mí, mo sì gbà. O kó ìyẹ̀fun ewé sínú ọ̀rá kéékèèké, o kọ nọ́ńbà sí wọn lára, o sì fi wọ́n sí ìkáwọ́ mi kí n máa pín in fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. O wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi pé ewé gidi ló wà nínú ọ̀rá àwọn kan, ti àwọn yòókù sì jẹ́ ìyẹ̀fun lásán tí ẹ pa láró kó lè jọ ọ́, tí kò lè ṣe nǹkan kan fún ẹni tó bá mu ún. O ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ mọ èyí tó kan òun, ìwọ alára ò mọ̀, kọ̀ǹpútà ló pín in. Mo dákẹ́ nítorí pé àlejò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Kọ̀ǹpútà ò ní ìyá tó kọ́ ọ bí a ṣe ń pín nǹkan nínú ilé, n kò bá a wí. Ìwọ ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́? Ìwọ tí o máa ń bu ẹja ẹnu rẹ fún ọmọ aládùúgbò?

Kì í sì ṣe òní ni mo ti ń kíyè sí i. Nígbà tí mo wá kí ọ ní Àbújá, o mú mi dé ibi iṣẹ́ rẹ, o fi àwọn eku funfun inú àgò hàn mí. Mo kí wọn, ṣebí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. O ní àwọn ti apá ọ̀tún ń jẹ ewé, àwọn ti apá òsì ò rí i jẹ. Mo ti ki ọwọ́ bọ báàgì mú ẹ̀pà jáde fún àwọn ti apá òsì kó tó di pé o di ọwọ́ mi mú, tí o ń fi ojú bẹ̀ mí. Ojú àwọn eku yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hezekiah àfẹ́sọ́nà rẹ rí. Ọmọ dáadáa ni, ó wá láti Jahi wá kí mi, ó ra búrẹ́dì wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní èdè Faransé, ìwádìí tòun sì ni pé òun ń fi orin kọ́ kíláàsì kan, kíláàsì kejì ò gbọdọ̀ gbọ́ orin rárá, kí òun lè mọ èyí tí yóò tètè gbọ́ èdè náà. Mo bi í pé ta ni yóò wá kọrin fún àwọn ti kejì. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ yẹ ara yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bí Ọlọ́run bá fún yín lọ́mọ, ẹ má fi wọ́n ṣe ìwádìí o.

Ní báyìí, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ni Ìyá Ràṣídátù tó kángun sí wa ń rìn bí ọmọge. Wọ́n fi ògiri sílẹ̀, wọ́n ń dá lọ sódò, wọ́n tún ń kọrin bọ̀. Bàbá Adébíyì tó ti ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa kí a tó bí ọ, àfi kí á fà wọ́n kí wọ́n tó lè dìde nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun tiwọn mu láràárọ̀, tí wọ́n ń dárúkọ rẹ sí Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá àwọn ti ṣẹ̀ ọ́ nígbà kan tí àwọn ò mọ̀. Mofìyìn, mo ní wọn ò ṣẹ̀ ọ́ rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe gbogbo wọn sí àgbàlá wa, mo ní kí kálukú mú ọ̀rá rẹ̀ dání. N kò tú àṣírí rẹ o. Mo kàn sọ fún wọn pé ewé ọmọ wa ni, ó yẹ kí á dà á pọ̀ kí á jọ lò ó. Ìyá Ràṣídátù ló kọ́kọ́ da tiwọn sínú bàsíà, wọn ò tilẹ̀ bi mí nídìí. A rò ó pọ̀ dáadáa. Ìyá Ràṣídátù ṣe bísímílà sí i, Bàbá Adébíyì gbàdúrà sí i lórúkọ Jésù, mo wá fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n fún kálukú, mo ń fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó lè dọ́gba. Inú ọ̀rá rẹ náà la dà á padà sí, nọ́ńbà kálukú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé o fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rá tuntun bá ti ọ̀dọ̀ rẹ dé, inú bàsíà ló ń gbà lọ.

Ìdí nìyẹn tí o fi bá orúnkún gbogbo wọn bákan náà. Ìyá Ràṣídátù ò yára tó tàtẹ̀yìnwá mọ́, wọn ò sì ráhùn. Bàbá Adébíyì dá rìn dé ìdí agogo ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ìwàásù ti ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló lù ú, àwa tí a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì sì dìde dúró, a ń sunkún.

Nítorí náà, lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínlabí, sọ pé mo kí wọn, sọ fún wọn pé ewé náà lágbára débi pé àbọ̀ rẹ̀ tó gbogbo ilé. Bí wọ́n bá sì ń wá ẹni tí kò lò ó rárá kí wọ́n lè fi wé àwọn yòókù, sọ fún wọn pé èmi rèé. Orúnkún mi ò fi ìgbà kan dáwọ́ ìráhùn dúró. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé mo ti bá ọ ba nǹkan jẹ́, má fi pamọ́ fún mi, Àbẹ̀kẹ́. N ó wá sí Àbújá, n ó bẹ̀ wọ́n fúnra mi. N kò mọ̀wé tó wọn, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń bẹ àgbà.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ nítorí ìyẹn, kí o fi ti fóònù sí i, kí obìnrin yẹn lè jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ tán. Má gba ti báǹkì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní owó mi wà nínú ẹ̀rọ, mo ní kó ṣí i kí n yọjú wò ó, ó kọ̀. Ismaheel ni kí o fún. Ìyẹ̀fun náà sì ti ń tán lọ.

Ọlọ́run yóò ṣí ojú àwọn ọ̀gá rẹ sí iṣẹ́ rẹ. Oyè náà á mọ́ ọ lórí, ìwọ àti Hezekiah yóò ṣe ìgbéyàwó, ojú mi yóò rí i.

Wo inú àpò èlùbọ́ tí Ismaheel gbé wá, agolo kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a bá pín ewé, wọ́n máa ń bu tèmi fún mi, wọ́n ní ìyá ẹni tó mú un wá ò lè máa wò wọ́n lẹ́nu. N kò tọ́ ọ wò. O ní ẹsẹ̀ rẹ ń wú níbi tí o ti ń dúró ṣiṣẹ́. Máa bù ú sínú ẹ̀kọ gbígbóná láràárọ̀, ìpín tìrẹ ni.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń jókòó gbàdúrà fún ọ títí orúnkún yóò fi gbà mí láyè láti kúnlẹ̀,

Ìyá Mofìyìn.