Yàrá Tí Ẹrù Wa Máa Sùn Sí Kí Páànù Tó Dé Orí Ilé

Idigny, oṣù kẹta, 1962, ọjọ́ kejì lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́

Pélagie, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kútọnu, ṣé ariwo òkun ti jẹ́ kẹ́ ẹ máa rí oorun sùn? Ìwọ tí o bo bàbá rẹ lórí, Ọlọ́run kò ní ṣí orí tìrẹ sílẹ̀ fún oòrùn. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ti òsì ti dákẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì. Léontine ọmọ àbúrò mi ti lóyún, ọkọ rẹ̀ sì ń rìn káàkiri bí ẹni pé òun ló gbé e.

Páànù ti dé, ogójì pé, kò sí èyí tó ṣẹ́ po. Iwájú ilé gan-an ni ọkọ̀ já a sí, gbogbo Idigny sì jáde wá wò ó, èmi ń ṣe bí ẹni pé n kò rí i pé wọ́n ń wò mí. O ṣeun, ọmọ mi. Mo dúró dúpẹ́, mo jókòó dúpẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń gé koríko bo ilé yìí, n kò rò ó pé ọjọ́ kan á dé tí n kò ní gun òrùlé mọ́. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ yàrá tí o kọ sínú lẹ́tà. O ní bí Firmin káfíńtà bá ti ṣí koríko kúrò lórí ilé, òjò lè ba ẹrù jẹ́, pé Gaston tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ní Kétu ti kọ́ àwọn yàrá sìmẹ́ǹtì tó fi ń bá èèyàn tọ́jú ẹrù, pé ó ní kékeré, ó ní àárín, ó ní ńlá, kí n yan èyí tó bá ẹrù wa mu, kí n kó gbogbo ohun tó bá ṣe iyebíye nínú ilé sí i, kí n kọ̀wé sí ọ kí o lè san owó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ẹrù mi ń lọ sùn nínú yàrá sìmẹ́ǹtì, èmi fúnra mi kò tíì sùn nínú ọ̀kan rí.

Mo bá ọkọ̀ ọjọ́ ọjà lọ sí Kétu. Gaston gbà mí dáadáa, ó fún mi lómi mu, ó wá mú ìwé kan jáde tí ẹni tó bá fẹ́ yàrá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ kó ohun tó ń jẹrà síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ kó ohun ẹlẹ́mìí, a kò gbọ́dọ̀ kó ohun tó lè gbiná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ro òfin yìí títí mo fi délé. Ẹní lè gbiná. Aṣọ lè gbiná. Àpótí tí mò ń jókòó lé, igi ni. Iṣu ń jẹrà, èyí tí kò bá sì jẹrà, ẹlẹ́mìí ni, nítorí èyí tí a fẹ́ gbìn ti ń hù nínú àká báyìí, ta ló sì fẹ́ sọ fún mi pé ohun tó ń hù kò lẹ́mìí. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán, ohun tí òfin gbà láyè nínú ilé mi kò ju ìkòkò irin kan, ọkọ́ mẹ́rin àti àdá méjì lọ. Ní ọjọ́ ọjà kejì, mo lọ sọ fún Gaston. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé epo bẹntiróòlù ni ìwé náà ń bá wí. Mo ní kí ìwé náà wí bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ìwé tún bèèrè orúkọ ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn yàrá. A kì í yọ ẹbí sílẹ̀, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà tí mo dé orúkọ kọkàndínlógún, àyè tán lórí ìwé. Gaston ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́. Báwo ni n ó ṣe yan ẹnì kan, kí n sì tún padà wá máa gbé ní Idigny? Orúkọ tìrẹ ni mo kọ, ìwọ tí o jìnnà jù, ẹnikẹ́ni kò lè bínú sí i. Gaston ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ ni wàá máa ti Kútọnu wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ní kò burú, á jẹ́ kí n máa rí ọ.

Ó wá ku ìwọ̀n. Kékeré jẹ́ mítà méjì sí méjì, àárín jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́ta, ńlá jẹ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Èmi kò mọ mítà, mo yá ọ̀pá ìwọ̀n lọ́wọ́ tíṣà, mo fi eérú fa yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní àgbàlá. Àwọn adìẹ ló kọ́kọ́ wọlé. A kó gbogbo ẹrù ilé jáde sínú ti ńlá, àyè tó ṣẹ́kù, ewúrẹ́ lè bímọ níbẹ̀. A kó o sínú ti àárín, àyè ṣì kù. A kó o sínú ti kékeré, ó gbà á tán, a sì lè tẹ́ ẹní kan sí i. Ojú tì mí díẹ̀. Ọgọ́ta ọdún lókè eèpẹ̀, kò kún mítà méjì. Táíwò aládùúgbò wa, tó gbé àpótí wá jókòó wò wá, ní kí n mú ti ńlá, pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ra ogójì páànù fún kò gbọ́dọ̀ gba yàrá kékeré, kí ni àwọn ará Kétu máa sọ. N kò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, díẹ̀ ló kù kí n gbà. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni mí. A kì í kọ́ àká tó ju iṣu lọ, eku ló ń gba ibi tó bá ṣófo. Mo mú ti kékeré.

Lẹ́yìn náà ni mo tún ka lẹ́tà rẹ, kí n má bàa gbàgbé nǹkan kan, mo sì dé ibi tí o ti ní kí n kó gbogbo ohun tó bá ṣe iyebíye. Mo wọ inú ilé lọ wò ó. Ilé ti ṣófo. Yàrá ìyá rẹ ni mo dúró sí.

O mọ̀ pé ibẹ̀ la sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sin ìyá tirẹ̀ sínú ilé. Ọdún mẹ́rin nìyí tí mò ń fọwọ́ ara mi pa ilẹ̀ yàrá yẹn, kò ní ojú sísán kankan. Firmin ní ọjọ́ mẹ́wàá lòun máa fi ṣe òrùlé. O mọ Firmin, ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀, ogún ni. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. O rántí bí ìyá rẹ ṣe máa ń sá fún òjò, bí ojú ọ̀run bá ṣú lásán, á ti da igbá dé orí, obìnrin tí kò bẹ̀rù ejò. Ọkàn mi kò gbà á kí n ṣí òrùlé lórí rẹ̀, kí n wá gbé ìkòkò irin lọ fi pamọ́ sínú sìmẹ́ǹtì.

Mo tún padà lọ sí Kétu, mo bá Gaston sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní aṣọ líle kan wà tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀, tí omi kì í là kọjá, báàṣì ni wọ́n ń pè é, pé wọ́n ń tà á ní Kútọnu, kékeré, àárín àti ńlá.

Má bínú, ọmọ mi, o ti ṣe púpọ̀, mo sì tún fẹ́ tọrọ. Jọ̀ọ́, fi owó yàrá kékeré ránṣẹ́ fún oṣù kan. Owó tí o ì bá fi kún un ká ní ti ńlá ni mo mú, bá mi fi ra báàṣì. Mo ti sọ fún Firmin pé kò ní fọwọ́ kan koríko kan títí báàṣì á fi dé, ó ń bínú, á yọ́. Tó bá dé, a ó nà án sórí yàrá ìyá rẹ, èmi náà á tẹ́ ẹní mi sábẹ́ rẹ̀ kí ó má bàa dá wà títí páànù á fi gorí ilé.

Kí o má bàa ra èyí tó kéré, mo fi okùn kan sínú àpòòwé. Okùn tí wọ́n fi wọn ìyá rẹ ni kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, ara ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi ló ti wà láti ọjọ́ náà. Láti ìdí okùn dé ibi kókó, gígùn rẹ̀ nìyẹn. Ra èyí tó fi ìlọ́po méjì jù ú lọ, a jẹ́ méjì.

Ọlọ́run á fún ọ ní ilé tó bá ọ mu, kò ní há mọ́ ọ, kò ní ṣófo lára rẹ. Owó rẹ á máa bá ohun rere pàdé. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ sí Kútọnu á gbé ọ wá kí mi láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ayọ̀dèjì

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Má jẹ́ kí ẹni tó ń ta báàṣì gé okùn náà, kí o sì dá a padà fún mi. Mo ga ju ìyá rẹ lọ, àyè kókó kan ṣì kù lórí rẹ̀.